Kẹ̀kẹ́ Òfìfo Ọ̀kánlàwọ́n

Kẹ̀kẹ́ arọ tí ó wà níwájú mi kò ní ènìyàn nínú. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Ìṣẹ́yìn ni mo ti tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ti sọ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà pé irin lásán ni, pé táyà mẹ́ta àti mọ́tò ni, pé ohun tí kò lè mu omi kò lè jẹ́ ọkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti lu òrùka táyà rẹ̀, pà-pà, tí ó sinmi díẹ̀, tí ó tún lù ú, pà-pà, ọwọ́ mi á ti tẹ̀lé e lórí òrùka tèmi kí n tó rántí pé mo ń bínú. Bí Ọ̀kánlàwọ́n ṣe ń sáré nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tí ń sinmi níbi tí òun ti ń sinmi.

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ọ̀nà funfun nà sílẹ̀ níwájú wa títí lọ. Àwọn àgbà ní dúdú ni ọ̀dà ojú títì máa ń jẹ́ nígbà kan rí, kí oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ọ bí àdí; èmi kò bá a bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹyẹ irin ń fò lókè orí wa, wọ́n ń ya àwòrán wa fún àwọn tí wọ́n jókòó sílé tí wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ wọn ní ìrọ̀rùn. A gbọ́dọ̀ dé Òkèihò kí fèrè oòrùn, èyí tí ń kìlọ̀ pé oòrùn ti tó pa ènìyàn, tó dún. Bí ó bá ti dún, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà, ọkọ̀ olùtọ́jú á gbé e wọlé, ì báà ṣe ọba.

Adájọ́ ń sọ̀rọ̀ nínú akoto mi. Ẹ̀rọ ni òun náà, Yorùbá tí ó ń sọ sì dà bíi ti ẹni tí ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ àlejò. Lọ́dún kan, bí mo ṣe ń fi gbogbo agbára gòkè, ó kí mi pé ẹ kú ìnáwó. Lónìí ó sọ fún mi pé kẹ̀kẹ́ òfìfo ló wà níwájú, pé èmi ni ẹnìkejì, pé Fẹ̀yìntọ́lá láti Ṣakí ló tẹ̀lé wa, ó jìnnà sẹ́yìn díẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Nínú eré tiwa, afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá. Ẹni tí ó wà níwájú ló ń fi àyà gbà á. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn á sá pamọ́ síbi tí kò fẹ́ dé, á máa wo táyà iwájú nìkan, á sì rí ìsinmi díẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n bá mọ ara wọn á máa gba afẹ́fẹ́ fún ara wọn, ìwọ fún ìgbà díẹ̀, èmi fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀lẹ tí ó bá jókòó sẹ́yìn ẹlòmíràn títí a fi fẹ́ dé òpin, tí ó wá fò jáde lọ gba ipò kìíní, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn láàárín wa. Àṣà wa sì ni pé bí o bá fẹ́ ṣáájú ẹni tí ó ti gba afẹ́fẹ́ fún ọ, wàá kọ́kọ́ ké oríkì rẹ̀. Bí ó bá gbà, á fi ìbọ̀wọ́ kan òrùka lẹ́ẹ̀mejì, á sì yà fún ọ. Àwọn ará òkèèrè máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní a ń kí ara wa lójú ogun.

Èmi àti Ọ̀kánlàwọ́n gba afẹ́fẹ́ fún ara wa láti ìgbà tí a kò tíì jẹ́ tọkọtaya, títí di ọdún tí oòrùn pa á. Ó jáde lọ ṣe ìmúra ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, táyà rẹ̀ jò ní àárín igbó, fèrè dún, kí ọkọ̀ olùtọ́jú tó rí i, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ẹni tí ó máa ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbàgbé omi.

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ ìrántí dé. Gbogbo ìbọ̀wọ́ eré ló ń rántí: ohun tí ọwọ́ bá ṣe nínú rẹ̀, ibi tí ó ti le, ibi tí ó ti rọ̀, ó wà níbẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ohun tí ó wà nínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti ń díje, wọ́n dà á sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mọ́tò ń lu òrùka bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lù ú, kẹ̀kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí sáré bí ẹni tí ó ni ín. Ó ti fọwọ́ sí i nígbà ayé rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe fọwọ́ sí i, nítorí pé ta ni ń ro ti ikú nígbà tí ara bá le. Òfin rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ òfìfo á máa díje lọ́dọọdún títí alààyè kan yóò fi ṣáájú rẹ̀ dé òpin. Ẹni yẹn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọn á wá pa ìrántí inú rẹ̀ rẹ́, wọn á tú irin rẹ̀, ó parí.

Lọ́dún tó kọjá mo wà nínú ọ̀fọ̀, ilé ni mo ti wò ó. Kẹ̀kẹ́ náà fi gbogbo ènìyàn sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí ó dé Òkèihò, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ìjókòó tí kò sí ẹni nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè sì gbé òdòdó lé e níbi tí àyà ọkọ mi ìbá wà. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu. Òkú tí a ti sin, ó yẹ kí a jẹ́ kí ó sùn. Mo ní èmi ni n óò ṣáájú rẹ̀, èmi ni n óò yọ kọ́kọ́rọ́ náà, lẹ́yìn èyí n óò fi eré sílẹ̀, nítorí èjìká mi méjèèjì ti ń bẹ̀ mí.

Ta ni ì bá sì tún ṣe é? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilẹ̀ títẹ́jú ni ti Ọ̀kánlàwọ́n, òkè ni ti Morádékẹ́. Òkè ni eré Òkèihò fi ń parí, Ọ̀kánlàwọ́n kò sì borí mi níbẹ̀ rí. Agòkè ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ yẹn ló gbé mi dé ìlú òyìnbó, ó gbé mi dé Ṣáínà. Lóòótọ́, n kò gba ipò kìíní lórí òkè tiwọn. Mo máa ń sọ pé òkè wọn yàtọ̀ sí tiwa, pé òkè tí kò ní àpáta kò mọ ènìyàn. Ọ̀kánlàwọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni mo sọ.

Lánàá ni ìyá rẹ̀ wá bá mi. Arúgbó náà ṣì ń fi ọwọ́ hun òfì nígbà tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ gbogbo Ìṣẹ́yìn, ó sì máa ń sọ pé aṣọ tí ẹ̀rọ hun kò mọ ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Kò jẹ ohun tí mo gbé fún un. Ó jókòó, ó ń wo orúnkún mi, lẹ́yìn náà ó ní kí n má lọ sí eré yìí. Mo bi í pé kí ló dé.

“Bí o bá fẹ́ràn mi, Morádékẹ́,” ó ní, “jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀.”

Mo rò pé mo mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Mo rò pé ó kà á sí èèwọ̀ kí ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọkọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo dá a lóhùn, ohùn mi sì le ju bí ó ti yẹ lọ, pé bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni yóò bá kan kọ́kọ́rọ́ náà, ọwọ́ mi ni. Ó ní ó dáa. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ.

Gbogbo ìyẹn ni mo ń rò bí kẹ̀kẹ́ òfìfo ṣe yà sápá ọ̀tún láti fún mi ní àyè. Ó ti gba afẹ́fẹ́ tó, ó kàn mí. Mo bọ́ síwájú, ó bọ́ sẹ́yìn mi, afẹ́fẹ́ sì gbá mi láyà. Nígbà ayé rẹ̀, bí Ọ̀kánlàwọ́n bá wà lẹ́yìn mi, mo máa ń gbọ́ èémí rẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ ikọ́ kékeré kan tí kì í ṣe ti àìsàn, àṣà ni. Ohun tí ó wà lẹ́yìn mi lónìí kò mí, kò húkọ́. Omi ojú mi ń gbẹ kí ó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gba afẹ́fẹ́ fún un títí ó fi tó àsìkò rẹ̀, mo yà, ó tún bọ́ síwájú. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí òkè Òkèihò fi yọ níwájú wa.

Àpáta ńlá kan wà níbi tí òkè náà ti kọ́kọ́ yí. Níbẹ̀ ni èjìká òsì Ọ̀kánlàwọ́n ti máa ń mú un. Lọ́dọọdún ni. Á máa bọ̀ dáadáa, bí a bá ti dé ẹ̀gbẹ́ àpáta, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, èmi á ké oríkì rẹ̀, á kan òrùka lẹ́ẹ̀mejì, èmi á sì kọjá lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pariwo orúkọ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ eré, èmi ni mo máa ń yọ́ òrí sórí iná, tí n óò fi ra èjìká náà, tí n óò sì fi aṣọ gbígbóná lé e. Á máa kérora. Á ní kí n rọra. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kí ó jẹ́ kí dókítà wò ó, ó ní òrí mi tó.

Kẹ̀kẹ́ òfìfo dé ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ó lu òrùka, pà-pà, ó sinmi. Ó tún lù ú, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀. Ìsinmi rẹ̀ gùn sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ ọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé mọ́tò rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo bi Adájọ́. Adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara kẹ̀kẹ́ náà le, pé iná inú rẹ̀ ṣì pọ̀, pé kò sí ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ láti sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí ó tún un wò. Ó tún un wò, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ.

Ọwọ́ mi dúró lórí òrùka. Kẹ̀kẹ́ kò ní èjìká.

Ohun tí ìbọ̀wọ́ rántí ni kẹ̀kẹ́ ń ṣe. Ìbọ̀wọ́ kò mọ ìrora, ohun tí ọwọ́ ṣe nìkan ló mọ̀. Bí èjìká bá mú ènìyàn, ọwọ́ kan á fà sẹ́yìn, èkejì á máa lọ, kẹ̀kẹ́ á sì máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo wa la mọ èyí, a ti bá a sùn, a ti bá a jí. Kẹ̀kẹ́ tí ó wà níwájú mi kò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ọwọ́ méjèèjì ló rọ̀ pọ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó ń dúró de ẹnìkan. Lọ́dún tó kọjá tí n kò sí lẹ́yìn rẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni, ó kọjá àpáta yìí bí ọfà.

“Òpùrọ́,” mo sọ sókè. Adájọ́ bi mí bóyá òun ni mo ń bá wí.

Ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi. Mo rí ara mi lórí gbogbo pèpéle tí wọ́n ti gbé mi gùn, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pé ẹni tí ó bá múra kò ní sí òkè tí yóò ga jù fún un. Lẹ́yìn ìtìjú, inú bí mi débi pé bí ó bá wà láàyè, n kò ní bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo rántí òrí. Mo rántí ìkérora rẹ̀, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà yẹn ni mo wá bú sẹ́kún, nítorí mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó tún máa parọ́ báyẹn fún mi mọ́ láyé.

Mo wá rí ohun tí ó wà níwájú mi. Ìfẹ́ yẹn, tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀ títí di àárọ̀ yìí, ibì kan ṣoṣo ló kù sí, inú kẹ̀kẹ́ yìí. Bí mo bá ṣáájú rẹ̀ dé òpin, èmi ni n óò pa á rẹ́. Mo ti wá sin ọkọ mi, mo wá bá ohun kan tí ó ṣì gbóná nínú ààrò rẹ̀.

Mo pinnu pé n kò ní kọjá. Mo dẹwọ́. N óò wà lẹ́yìn rẹ̀ títí yóò fi dé òpin, á borí, á tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, èmi náà á wá, a ó máa rí ara wa níbi àpáta. Àwọn ènìyàn á ní Agòkè ti darúgbó. Kí wọ́n sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dẹwọ́ ni kẹ̀kẹ́ náà dẹwọ́. Mo tún rọ̀ sí i, òun náà rọ̀ sí i. Níkẹyìn a fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá lórí òkè, èmi àti ìjókòó òfìfo, táyà wa ń yí bí ọlọ. Kò ní lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí ó fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn lórí òkè yìí nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí yóò ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Adájọ́ kìlọ̀ pé ẹni kẹta ti ń súnmọ́ wa. Mo gbọ́ ọ fúnra mi. Ọwọ́ Fẹ̀yìntọ́lá yá, kò sí ìsinmi láàárín rẹ̀, ọmọ náà ṣì ní èjìká tuntun.

Ọmọ dáadáa ni Fẹ̀yìntọ́lá. Nígbà tí Ọ̀kánlàwọ́n kú, ó wá láti Ṣakí, ó bá mi fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó síbí, òun ni yóò kọjá àwa méjèèjì, òun ni yóò yọ kọ́kọ́rọ́, kò sì mọ oríkì ẹni tí yóò pa rẹ́.

Mo lu òrùka mi. Mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Àdìgún,” mo ní. “Àdìgún, ọmọ ahunṣọ tí kì í ṣá. Àwẹ̀ró rẹ ni. Mo fẹ́ kọjá, ọkọ mi.”

Kẹ̀kẹ́ náà kan òrùka lẹ́ẹ̀mejì. Ó yà sápá ọ̀tún.

Bí mo ṣe ń kọjá, mo wo inú rẹ̀, ohun tí n kò ṣe láti Ìṣẹ́yìn. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì ló wà lórí ìjókòó, wọ́n fi okùn so wọ́n kí afẹ́fẹ́ má gbé wọn lọ. Mo gbójú kúrò, mo sì gòkè. Mo gòkè bí n kò ti gòkè rí, pẹ̀lú ẹkún, pẹ̀lú omi lójú àti ikun nímú, tí àwọn ẹyẹ irin ń ya gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo kọjá ìlà òpin, òun náà dé lẹ́yìn mi, kò jìnnà ju táyà kan lọ. Ó wá dúró sápá òsì mi, níbi tí ó máa ń dúró sí.

Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ ìrántí wá bá mi, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ń jẹ́ Adékúnmi. Ó kí mi kú oríire, ó sì tọrọ àforíjì. Ó ní àwọn ti rí i pé kẹ̀kẹ́ náà ní àbùkù kan lórí òkè, pé kò hàn lọ́dún tó kọjá, pé kò sì ní dín ìṣẹ́gun mi kù. Mo ní kì í ṣe àbùkù. Ó wo ojú mi, ó sì fà sẹ́yìn. Ẹni tí a kọ́ nílé ni.

Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti abẹ́ àtíbàbà, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ wá ọ̀nà láàárín èrò. Ó dúró níwájú mi, ó wo ojú mi, ó sì mọ̀.

“Ìyá, ẹ mọ̀ pé ó máa ń dúró dè mí,” mo ní.

“Ó sọ fún mi lọ́dún àkọ́kọ́. Ó ní kí n má sọ.” Ó fi etí ìró nu ojú mi. “Ìdí tí mo fi ní kí o má wá nìyẹn. N kò fẹ́ kí o mọ̀.”

Mo bi í pé kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ fi ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Ó ní ṣé mo rántí bí mo ṣe rí lẹ́yìn tí mo jábọ́ láti orí òrùlé, nígbà tí ẹsẹ̀ mi kú, ọdún tí n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń fi síbí bọ́ mi. Mo ní mo rántí.

“Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ ṣáájú rẹ̀ dé ibí yìí ni o rẹ́rìn-ín,” ó ní. “Ó sáré wálé wá bá mi. Ó ní, Ìyá, ó mà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òkè yẹn bá jẹ́ ohun tí yóò ná òun, kí ó máa ná òun.”

Adékúnmi ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́, ó ń wo ojú ọ̀run. Oòrùn ti ń le. Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, mo sì fà á sẹ́yìn. Mo sọ fún Ìyá pé n kò lè ṣe é, pé kí òun bá mi ṣe é. Ó kọ̀. Ó ní, “Ìwọ ló ń dúró dè.”

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ náà. Mọ́tò kékeré tí ó ti ń kùn nínú rẹ̀ láti àárọ̀ dákẹ́. Mo tú okùn ara ìbọ̀wọ́, mo kó wọn sí itan mi, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún mi pé òfin kò gbà á.

Fèrè oòrùn dún. Gbogbo èrò ń sáré wọ abẹ́ òrùlé, Fẹ̀yìntọ́lá tì mí wọ inú àtíbàbà, ó sì lọ wá omi. Ìgbà tí mo fẹ́ wá aṣọ ìnujú nínú àpò mi ni ọwọ́ mi kan agolo òrí. Èmi ni mo kó o sínú àpò nílé, bí mo ti ń kó o lọ́dọọdún, n kò sì rò ó pé kò sí ẹni tí n óò fi ra lára. Ìyá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka bu òrí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ra èjìká òsì mi. Mo kérora. Mo ní kí ó rọra, nítorí tèmi ń dùn mí lóòótọ́.